Àwọn Ọmọ Ogun Inú Ẹ̀jẹ̀ Ìyá Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ rẹ, mo kí ilé tí ò ń gbé àti àtẹ̀gùn gígùn tí o ní ò ń gùn kí o tó dé yàrá rẹ. Ṣé ara rẹ le? Ṣé o ń jẹun lásìkò, àbí o ṣì ń fi tíì àti búrẹ́dì tan ara rẹ jẹ láti àárọ̀ dalẹ́? Kí Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹni tó sùn àti ẹni tó jí máa ṣọ́ ọ. Kí ọ̀gá rẹ máa rí iṣẹ́ rere ọwọ́ rẹ, kó sì máa gbàgbé àṣìṣe rẹ kíákíá. Kí ẹsẹ̀ rẹ má gbé ọ dé ibi tí wọ́n ti ń jà. Àmín. Ara tèmi le, àfi ojú tó ń ríran bàìbàì, ìyẹn kì í sì í ṣe tuntun.

Wàá ti rí i pé ọwọ́ ìkọ̀wé yìí kì í ṣe ti ìyá rẹ. Tirẹ̀ máa ń tò lórí ìlà bíi bọ́tìnnì lára ṣẹ́ẹ̀tì, tèmi ń gun òkè ó ń sọ̀ kalẹ̀. Orí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ ni mo ti ń kọ ọ́, mo fi sísọ́ọ̀sì tẹ ìwé náà mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má bàa gbé e. O ní kí n máa fi fóònù tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ. Mo gbìyànjú. Ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo bá tẹ̀ ni fóònù náà ń yí sí òmíràn, bí ẹni pé òun ló bí ọ, kì í ṣe èmi. Mo kí i pé ó káre, mo pa á, mo mú bírò.

Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ni mo fẹ́ bá ọ sọ, má sì jẹ́ kí àyà rẹ já, torí bó bá jẹ́ burúkú ni, ọ̀nà ni mi ò bá gbà wá bá ọ, mi ò ní jókòó máa kọ lẹ́tà. O rántí ohun tí o sọ lórí fóònù nígbà tí mo sọ fún ọ pé dókítà kan ní ilé ìwòsàn fẹ́ máa fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tí kò ní oògùn nínú gún ìyá rẹ nítorí rọpárọsẹ̀ tó kọlù ú. O pariwo débi pé mo gbé fóònù jìnnà sí etí. O ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ki abẹ́rẹ́ bọ ìyá rẹ lára, pé ìyá rẹ kì í ṣe aṣọ. Lẹ́yìn náà o bú sẹ́kún, o ní o ò lè wá wò ó báyìí, pé ọkàn rẹ ò ní gbà á kí ìyá rẹ rí ọ kó má lè pe orúkọ rẹ. Mo gbọ́, mi ò sì bínú. Ṣùgbọ́n ọmọ mi, a ti ṣe é. Ìyá rẹ ló gbà fúnra rẹ̀. Dókítà bi í bóyá ó fẹ́, ó sì fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tí kò mira mọ́, ó gbé e lé dókítà lọ́wọ́ bí ẹni tó gbé aṣọ wá fún aránṣọ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ fọ́tò rẹ fún ọ, torí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì parí sí. Fọ́tò tí o yà lọ́jọ́ tí o jáde ilé ìwé, èyí tí a fi férémù sí, tí a gbé kọ́ sára ògiri lókè ibùsùn wa. Lọ́jọ́ tí àìsàn náà dé, ìyá rẹ dúró níbẹ̀, ó ń ká aṣọ. Èmi wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, mo gbọ́ gbì. Nígbà tí mo sáré wọlé, ó ti wà nílẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti yí, ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá mi sọ kò já sí nǹkankan. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló nà mọ́ ògiri nígbà tó ń ṣubú, ọwọ́ náà ló sì gbá fọ́tò rẹ tí ó fi wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Nígbà tí wọ́n ní ká máa gbé e bọ̀ wálé láti ilé ìwòsàn, mo fẹ́ tún fọ́tò náà ṣe. Ìyá rẹ lu ibùsùn. Ó ń ké nínú ọ̀fun, ó ń mi orí, ó ń fi ọwọ́ òsì tọ́ka sí ọwọ́ ọ̀tún tó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Ó pẹ́ kó tó yé mi. Ọwọ́ tó wọ́ fọ́tò náà ló fẹ́ kó tún un ṣe. Mo fi í sílẹ̀. Láti ìgbà náà lo ti wà lára ògiri ní wíwọ́, tí ò ń wò wá bí ẹni tó gbé etí sí ẹnu ọ̀nà. Kò sí aṣọ tí mo rán, kò sí oúnjẹ tí mo jẹ, tí kì í ṣe fọ́tò yẹn ni mo ń rò. Mo ní bí ọwọ́ náà bá lè dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kan, mi ò ní tọrọ nǹkan mìíràn lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìgbà pípẹ́.

Ilé wá dákẹ́, ọmọ mi. Ìwọ mọ̀ pé láti ìgbà tí a ti fẹ́ ara wa ni ìyá rẹ ti ń pè mí ní Aláriwo. Bí mo bá ń kọrin nídìí ẹ̀rọ, Aláriwo. Bí mo bá ń bá oníbàárà jà, Aláriwo. Kò pè mí ní nǹkankan mọ́. Mo wá mọ̀ pé ariwo tí mo ń pa láti ọjọ́ yìí wá, nítorí kó lè bá mi wí ni.

Ẹ̀rọ ńlá kan wà ní ilé ìwòsàn tó ń ya fọ́tò inú orí èèyàn. Nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ya ìyá rẹ ní fọ́tò, mo wọ̀ ọ́ ní aṣọ búlúù rẹ̀ tó dára jù, mo ya irun rẹ̀, mo fi pọ́dà sí i lójú. Wọ́n tì í sínú ihò roboto kan. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní kó rọra rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọ̀gbẹ́ni tó ń ya á ní kò pọn dandan. Nígbà tó jáde, wọ́n fi ibì kan tó ṣókùnkùn hàn mí, wọ́n ní ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ kò dé. Mo gbà á lọ́wọ́ wọn, mo gbé e kọ́ sí pálọ̀, láàárín fọ́tò ìgbéyàwó wa àti èyí tí o yà nígbà tí ò ń rákòrò. Ẹni tó bá wọlé, mo máa ń sọ fún un pé ìyàwó mi nìyẹn láti inú. Wẹ́dà tó ń jó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa wò ó títí, ó bọ́ fìlà, ó ní òun ò mọ̀ pé nǹkan tó wà nínú orí obìnrin yìí pọ̀ tó báyìí.

Dókítà abẹ́rẹ́ náà kò lè jù ọ́ lọ lọ́jọ́ orí. Obìnrin ni, ojú rẹ̀ tutù, bàtà rẹ̀ kì í dún. Ó ṣí àpótí abẹ́rẹ́ rẹ̀, mo sì sún mọ́ ọn, torí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè tàn mí jẹ nínú rẹ̀. Wọ́n tín-ín-rín bí irun orí. Mo yí ọ̀kan síbí, mo yí i sọ́hùn-ún. Mo bi í pé ojú abẹ́rẹ́ dà. Ó ní kò lójú. Mo ní abẹ́rẹ́ tí kò lójú, níbo ni òwú máa gbà, kí ló sì fẹ́ fi rán? Ó ní kì í rán nǹkankan, ó kàn ń kan ilẹ̀kùn ni.

Ó wá gún un. Ọmọ mi, láti kékeré ni mo ti ń fi abẹ́rẹ́ gún ara mi nídìí iṣẹ́, kò sì sí ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ kì í jáde tí èmi náà kì í sì í ké. Ti obìnrin yìí wọlé bí ẹni ń ki ọwọ́ bọ omi. Ó gún ọwọ́, ó gún àtàrí, ó wá lọ gún ojúgun, lábẹ́ orúnkún. Ẹ̀jẹ̀ kò yọ. Ìyá rẹ kò ṣẹ́jú. Mo bi dókítà pé ṣé kì í ṣe orí ló ń dun obìnrin yìí ni, kí ló wá mú un dé ẹsẹ̀. Ó ní iṣan ló so wọ́n pọ̀. Mo wá ronú sí i, mo sì rí i pé bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ ń ṣe. Bí o bá fa òwú kan nísàlẹ̀ aṣọ, ọrùn rẹ̀ lókè á súnkì. Mi ò mọ̀ pé ẹni tó rán èèyàn fi òwú kan náà rán an látòkè délẹ̀.

Èyí tó kọ́kọ́ mú mi jókòó ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ogun. Dókítà yìí ní nínú ẹ̀jẹ̀ gbogbo wa, àwọn ọmọ ogun kan wà tí ojú lásán kò lè rí, àwọn ni wọ́n ń bá àrùn jà. Mo bi í pé níbo ni bárékè wọn wà. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní inú mùdùnmúdùn egungun ni wọ́n ti ń bí ọ̀pọ̀ wọn. Mo fi ọwọ́ lẹ́rán. Gbogbo egungun tí mo ti fọ́ láyé yìí, tí mo fa mùdùnmúdùn inú rẹ̀ mu, ṣé bárékè ni mo ń jẹ!

Ó ní nígbà tí ẹ̀jẹ̀ dì nínú orí ìyá rẹ tó sì dí ọ̀nà, ibì kan kú níbẹ̀, àwọn ọmọ ogun náà sì gbọ́, wọ́n sáré lọ. Wọ́n lọ palẹ̀ mọ́ ni, iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n bí inú wọn bá gbóná jù, wọn ò ní mọ èyí tó kú yàtọ̀ sí èyí tó ṣì yè, wọ́n á máa lù wọ́n pọ̀, ibi tí àrùn kò dé á sì tún bàjẹ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé, ní àkókò kan náà tí àwọn ti orí ń ṣe bí wèrè, ó lè rẹ àwọn tó kù nínú ara, kí wọ́n máa tòògbé lẹ́nu iṣẹ́, òtútù àyà á sì rí ọ̀nà wọlé. Ó ní àwọn onímọ̀ ń wò ó bóyá abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi kan ojúgun lè mú kí iṣan gbé ọ̀rọ̀ lọ sínú orí, kí orí ránṣẹ́ sí inú ara, kí àwọn tó ń bínú lè rọlẹ̀, kí àwọn tó ń tòògbé sì jí. Ó ní ara eku ni wọ́n ti rí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, pé ti èèyàn ṣì wà lórí ìwádìí. Ó ní oògùn àti eré ìdárayá ni ìpìlẹ̀, abẹ́rẹ́ kàn ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn ni. Ó ní ó ṣeé ṣe kó ràn án lọ́wọ́, ó sì ṣeé ṣe kó má ràn án lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi gbà á gbọ́. Èmi, bí oníbàárà bá bi mí bóyá aṣọ òun á jáde lọ́jọ́ Ẹtì, mo máa ń búra pé á jáde, ìwọ náà sì mọ bó ṣe máa ń rí tí ọjọ́ Ẹtì bá dé. Obìnrin yìí mọ ohun tí àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ ń ṣe, kò sì búra. Nígbà tí mo délé, mo kó gbogbo pańpẹ́ eku tó wà lábẹ́ tábìlì kúrò, mo ní àwọn eku ti jìyà tó nítorí tiwa. Wọn ò mọ oore. Wọ́n ti jẹ ẹsẹ̀ ṣòkòtò tí mò ń rán fún ọ̀gá ilé ìwé.

Wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ sínú ìgò kékeré kan, wọ́n ní àwọn fẹ́ wo bí àwọn ọmọ ogun náà ṣe ń ṣe sí. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti wò wọ́n tán, kí wọ́n jọ̀ọ́ dá wọn padà, torí ogun kò tíì tán nílé wa. Ọmọbìnrin tó gba ẹ̀jẹ̀ náà wo dókítà, dókítà wo àjà. Ó wá fọkàn mi balẹ̀ pé bárékè máa bí òmíràn.

Kí n má purọ́ fún ọ, ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sinmi. Mo délé, mo gbọ́ òòlù wẹ́dà, gbà, gbà, gbà, bó ṣe máa ń dún lójoojúmọ́. Mo ní háà! Báwo ni àwọn ọmọ ogun orí ìyàwó mi ṣe fẹ́ rọlẹ̀ bí wọ́n bá ń gbọ́ irin? Wọ́n á rò pé ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Mo lọ bá a, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbé òòlù sílẹ̀. Ó bi mí bóyá wọ́n gbọ́ èdè wa. Mo ní ara ìyàwó mi ni wọ́n ń gbé látijọ́, èdè wo ni wọn ò bá tún máa gbọ́? Ó ní òótọ́ ni. Ó kó gbogbo irin rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀ lọ́hùn-ún, láti ìgbà náà bó bá sì ń kọjá níwájú ilé wa, ṣe ló máa ń yọ́ ẹsẹ̀ rìn, á wá yọjú lójú fèrèsé, á bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bóyá wọ́n ti rọlẹ̀.

Èmi náà wá ń bá wọn sọ̀rọ̀. Láràárọ̀, kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, a máa ń kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru dì í lápá. Ẹ̀rọ náà máa ń sọ̀rọ̀, ó máa ń ní kí aláìsàn jókòó jẹ́jẹ́, mo sì máa ń dá a lóhùn pé ó ti jókòó, mo tún ń bi í báwo ni ilé tirẹ̀, kó má bàa rò pé a ò lẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn náà mo máa ń tẹ ẹnu mọ́ ẹ̀gbẹ́ orí ìyá rẹ, màá rọra sọ fún àwọn ti orí pé wọ́n kú iṣẹ́, wọ́n ti ṣe bí akọni, ó tó, kí wọ́n lọ jókòó. Màá wá dojú kọ àyà rẹ̀, màá pariwo mọ́ àwọn tó wà níbẹ̀ pé kí wọ́n dìde, ilẹ̀ ti mọ́, ṣé oorun ni wọ́n gbà wọ́n síṣẹ́ fún? Ìyá rẹ á kàn máa wò mí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, oníbàárà kan ti ń kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ara mi ò balẹ̀, mo sì ṣì í ṣe. Orí ni mo pariwo mọ́, àyà ni mo ń rọ̀ pé kó lọ jókòó. Nígbà tí mo rí ohun tí mo ṣe, mo káwọ́ lérí. Mo bẹ àwọn ti orí pé kì í ṣe àwọn ni mò ń bá wí. Mo yí sí àwọn ti àyà pé kí wọ́n jọ̀ọ́ má tíì jókòó. Mo fi igbe pe wẹ́dà. Wẹ́dà sáré wọlé tòun ti ìbòjú irin tó fi ń jó irin, kò rántí ṣí i, ó fi orí gbá férémù ilẹ̀kùn, ó ń bèèrè nínú ìbòjú náà pé ibo ni ogun gbà wọlé. Nígbà náà ni mo gbọ́ ohùn kan láti orí ibùsùn. Mo rò pé nǹkan há ìyá rẹ lọ́fun ni. Mo gbé e jókòó, mo ń gbá a lẹ́yìn.

Ẹ̀rín ni. Ọmọ mi, ẹ̀rín ni ìyá rẹ ń rín. Ó yí sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹnu rẹ̀ ṣe yí, ó ń já lágbedeméjì bí ẹ̀rọ tí òwú ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ń tán, ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ̀ ni, mo mọ̀ ọ́n láàárín ẹgbẹ̀rún ẹ̀rín. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì. Ó wò mí, ó tẹ́nu mọ́ra, ó sì fa ọ̀rọ̀ kan jáde díẹ̀díẹ̀. Aláriwo ló pè mí. Kò jáde tán, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àti ìparí rẹ̀ nìkan ló yọ, ṣùgbọ́n ta ló tún ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú yàrá yẹn? Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Wẹ́dà náà ń sunkún nínú ìbòjú. Oníbàárà tó ń kan ilẹ̀kùn gbọ́ ẹkún, ó rò pé ó ti ṣẹlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí wa kú ìrọ́jú láti ìta.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún dókítà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀ nù. Mo ní abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́. Ó ní kí n má gbé gbogbo rẹ̀ lé abẹ́rẹ́ lórí. Ó ní ó lè jẹ́ abẹ́rẹ́, ó lè jẹ́ oògùn, ó lè jẹ́ pé orí fúnra rẹ̀ ń wá ọ̀nà mìíràn gbà, ó sì lè jẹ́ èmi. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ọmọ mi, dókítà ka bàbá rẹ mọ́ oògùn. Mo rìn jáde nílé ìwòsàn yẹn, ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, àyà ìyá rẹ dà wá láàmú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ara rẹ̀ gbóná, mímí rẹ̀ ń dún. Òtútù àyà tí dókítà ń bẹ̀rù ló dé. Wọ́n dá a dúró sí wọ́ọ̀dù, wọ́n dá abẹ́rẹ́ tín-ín-rín dúró, oògùn gidi ni wọ́n ń fà sí i lára. Mi ò sọ fún ọ, torí bí mo bá gbọ́ ẹkún rẹ lórí fóònù lákòókò yẹn, mi ò bá wó lulẹ̀. Mo jókòó tì í, mi ò pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Wẹ́dà ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa pátápátá. Nígbà tó yá, ara ìyá rẹ kò gbóná mọ́, ikọ́ náà sì ń lọ. Dókítà gbé nǹkan tí wọ́n fi ń gbọ́ ohùn inú àyà lé e láyà, ó gbọ́ ọ síwájú, ó gbọ́ ọ sẹ́yìn, ó yọ ọ́ létí, ó ní oògùn ti bá àrùn náà jà, àwọn tó ń sùn náà sì ti dìde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló wí, kò rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́. Mo wo àyà ìyá rẹ tó ń gòkè tó ń sọ̀, mo sì ronú nípa àwọn tí mi ò rí yẹn, tí wọn ò gba owó oṣù, tí ẹnikẹ́ni ò kí wọn rí, tí wọ́n ń ṣọ́ ènìyàn láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ẹ̀rù Ọlọ́run bà mí.

Ó wá ku ọwọ́. Ẹni tó ń bá a ṣe eré ìdárayá kọ́ ìyá rẹ pé kó máa fi ìka rìn gòkè lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ibi tí ìka náà bá dé, mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sáṣọ fa ìlà síbẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ìlà náà kò ju ibi tí mátírẹ́ẹ̀sì dé lọ. Ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn á wà nísàlẹ̀ ti àná, màá fẹ́ sún ṣọ́ọ̀kì náà sókè díẹ̀ bí mo ṣe máa ń tú etí aṣọ tó bá kúrú, ṣùgbọ́n ìyá rẹ á wò mí, màá sì fà á síbi tó dé gan-an. Ògiri wa ti rí bíi aṣọ tí wọ́n wọ̀n sílẹ̀ tí wọn ò tíì gé. Nígbà tó yá, àwọn ìlà náà dúró sábẹ́ fọ́tò rẹ, wọn ò lọ síwájú mọ́. Ó ń gbìyànjú títí òógùn á fi bò ó, ìka náà á sì yọ̀ padà.

Kí n tó sọ èyí tó kù, jẹ́ kí n tọrọ owó, torí bí mo bá sọ ọ́ tán, owó ò ní jọ mí lójú mọ́. Ìyá rẹ ló mọ bí a ṣe ń tọrọ owó, ó máa ń fi àdúrà yí i ká tí wàá fi rò pé ẹ̀bùn ló fún ọ. Èmi ò mọ̀ ọ́n ṣe. A nílò owó ọkọ̀ tó ń gbé wa lọ ilé ìwòsàn, àti owó oògùn. Mo nílò ṣọ́ọ̀kì, torí ògiri ti jẹ ẹ́ tán. Mo nílò aṣọ tí màá fi rán ṣòkòtò mìíràn fún ọ̀gá ilé ìwé nítorí àwọn eku yẹn. Bí o bá sì rí pańpẹ́ tó máa ń mú eku láì pa á lára, rà á wá, kí n lè máa kó wọn jáde tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Àná ni. Oòrùn ọ̀sán wọ yàrá, mo jókòó sí ìsàlẹ̀ ibùsùn, mo ń wá bí òwú ṣe máa wọ ojú abẹ́rẹ́, torí ẹni tó ń bá mi ki òwú bọ abẹ́rẹ́ ló dùbúlẹ̀ yìí. Mo gbọ́ tí ẹnì kan pe Aláriwo. Ó jáde ketekete. Mo gbé orí sókè. Ìyá rẹ ti dìde dúró. Ọwọ́ òsì rẹ̀ di orí ibùsùn mú, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lára ògiri, ìka rẹ̀ ń gòkè lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbọ̀n, ó ń sinmi, ó ń gòkè. Ó kọjá ìlà tó ga jù. Mi ò pariwo, ọmọ mi, èmi Aláriwo, mi ò lè pariwo. Ìka rẹ̀ kan férémù rẹ. Ó dúró síbẹ̀ díẹ̀, ó ń fọwọ́ pa á. Ó wá tì í.

Ó tì í jù. Fọ́tò rẹ gbéra níbi tó wọ́ sí, ó kọjá ojú ibi tó yẹ kó wà, ó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, sí apá ẹnu ọ̀nà. Mo dìde láti lọ tún un ṣe, torí mo ní ó ti ṣe tirẹ̀ parí, èyí tó kù kò tó nǹkan. Ó ní kí n fi í sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà jáde díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó sọnù nínú rẹ̀. Ó ní ẹni tó ni ojú yẹn ń bọ̀ wá tún un ṣe fúnra rẹ̀. Ó sì pe orúkọ rẹ, lódindi, bó ṣe máa ń pè é tí oúnjẹ bá ti jinná.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọ̀nà tí wàá gbà rọrùn fún ọ. Kí awakọ̀ rẹ má sùn lójú ọ̀nà. Kí àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tìrẹ máa jí nígbà tó yẹ kí wọ́n jí, kí wọ́n sì máa sinmi nígbà tó yẹ kí wọ́n sinmi. Kí o bá wa láyọ̀. A ò ní fọwọ́ kan fọ́tò náà.

Èmi ni bàbá rẹ, aránṣọ, tí ìyá rẹ tún ti ń pè ní Aláriwo.